Ohun tí ìlù ọkàn mi kọ́ mi nípa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí mò ń kọ èyí fún ni ẹni tí àtọ̀gbẹ irú kejì àti ẹ̀jẹ̀ ríru jọ wà lára rẹ̀, tó ń lo oògùn bó ṣe yẹ, tó ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, síbẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ ń ga láàárọ̀ kùtù kí ohunkóhun tó kan ẹnu rẹ̀. Nǹkan bí ọdún méjì ni mo fi wà ní ipò yẹn. Àwọn àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀, kò yẹ kí ẹlòmíràn tún wọn ṣe.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Bí mo bá wọn ṣúgà kí n tó sùn, ó lè jẹ́ 118 mg/dL, ìyẹn 6.6 mmol/L. Bí mo bá jí, á ti di 154, ìyẹn 8.6. Mi ò jẹ nǹkan kan láàárín méjèèjì. Mo ní oúnjẹ alẹ́ ló fà á. Mo dín in kù, kò yí padà. Mo tún dín in kù, títí mo fi ń fi ebi sùn. Láwọn àárọ̀ tó tẹ̀ lé irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà tilẹ̀ máa ń ga sí i nígbà míì: 160, 167. Mo fura sí ẹ̀rọ tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo wá òmíràn, ohun kan náà ló sọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo bá gbé ìwé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni ojú ẹni tó ń jẹun ní kọ̀rọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ṣúgà àárọ̀ kì í ti ẹnu wá. Láti nǹkan bí aago 4 ìdájí títí di aago 8, ara gbogbo ènìyàn ń múra àtijí. Àwọn hormone, ìyẹn kẹ́míkà tí ara fi ń ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bíi cortisol, hormone ìdàgbàsókè àti adrenaline, ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ínsúlínì rẹ̀, hormone tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò ní mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ rárá. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi kì í ṣe “kí ni mo jẹ?” Ìbéèrè náà ni pé, kí ló dé tí àṣẹ yẹn fi le tó bẹ́ẹ̀ lára tèmi?

Ojú ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ láràárọ̀ ni ìdáhùn wà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ń gbé jáde. Méjì àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Ìkẹta, iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan, mi ò kà á sí. Nọ́ọ̀sì kan ló yẹ ìwé mi wò tó ní, “Ìlù ọkàn yín dà?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ṣúgà, lórí ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé tí mo fi rí i: láwọn àárọ̀ tí ọkàn mi bá ń lù ju 85 lọ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣúgà máa ń ga, ìfúnpá náà máa ń ga. Láwọn àárọ̀ díẹ̀ tó bá wà ní 72 tàbí 74, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń rọlẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ kan náà ló ń fa okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó wúlò, wíwọ̀n náà gbọ́dọ̀ dára, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti kọ́kọ́ kùnà. Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó jókòó, nítorí ìtọ̀ tó kún inú àpò ìtọ̀ máa ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì ṣe eré ìdárayá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe kọ́ ẹsẹ̀ lé ara wọn, kí apá sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, láìsọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, ẹ sì wá àròpín ìyókù: ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Nínú ilé, 135 lórí 85 ni ààlà. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tó ń dẹ́rù bà mí tẹ́lẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn tí mo sì ń dáhùn fóònù lọ́wọ́.

Ọwọ́ tó ń fa okùn náà ni wọ́n ń pè ní sympathetic nervous system. Èmi a máa pè é ní iṣan ìdágìrì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn: òun ni ọpọlọ ń rán kí ara lè múra ìjà tàbí ìsáǹsá. Okùn tín-ín-rín rẹ̀ ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde lọ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀yà inú ara, noradrenaline, kẹ́míkà tó fi ń jíṣẹ́, ló sì ń tú sílẹ̀ ní ìparí wọn. Ẹ̀yà kékeré kan tó jókòó lé orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ń dá adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ lé e. Bí àṣẹ bá dé ẹ̀dọ̀, ó tú ṣúgà sílẹ̀. Bí ó bá dé pancreas, tó ń ṣe ínsúlínì, ó fà á sẹ́yìn, ínsúlínì dín kù. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀rá wà, ọ̀rá yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá tó yọ́ yìí a sì máa mú kí ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ di etí sí ínsúlínì. Bí ó bá dé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, wọ́n fún, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ṣúgà àti ínsúlínì lọ sínú ẹran ara dín kù. Bí ó bá dé kíndìnrín, ó di iyọ̀ mú, ó tú renin, kẹ́míkà tó ń gbé ìfúnpá ga, sílẹ̀, ìfúnpá gòkè. Ọkàn náà á wá máa sáré. Fún ẹni tí ẹranko ń lé, gbogbo èyí dára púpọ̀. Fún ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, àìsàn ni.

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Ní 1849, Claude Bernard ní ilẹ̀ Faransé gún ìsàlẹ̀ ọpọlọ ehoro kan lábẹ́rẹ́, ṣúgà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìtọ̀ ehoro náà. Ní àwọn ọdún 1960, Hagbarth àti Vallbo ní Uppsala, ní Sweden, wá ọ̀nà láti fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gbọ́ ohùn iṣan gan-an lára ènìyàn tó wà lójúfò. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi wá rí i pé lára ẹni tó sanra, pàápàá tí ọ̀rá bá pọ̀ nínú ikùn rẹ̀, iṣan ìdágìrì ń pariwo ju ti ẹlòmíràn lọ, kódà nígbà tó bá sinmi.

Ìyẹn sì ni ibi tó ti le jù. Ìdágìrì ń mú kí ara di etí sí ínsúlínì. Bí ara bá di etí, pancreas á tú ínsúlínì púpọ̀ sí i. Ínsúlínì tó pọ̀ fúnra rẹ̀ a tún máa jí iṣan ìdágìrì. Leptin, tí ọ̀rá ń tú sílẹ̀, ń jí i pẹ̀lú. Òbírípo ni, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin, ẹni tó bá sì fẹ́ jáde nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi tí òun ti lè já a.

Àwọn ènìyàn á sọ fún yín pé, “Ẹ má ronú jù.” Wọ́n sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi. Mi ò ní pé ìrònú kò lè jí iṣan yìí. Ó lè jí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn a máa di ẹ̀bi ọ̀ràn náà ru aláìsàn, ó sì bò mí lójú kí n má rí ohun tó ń jí iṣan mi gan-an, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí mi ò ronú nǹkan kan rárá, nínú oorun.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ nínú ilé pé mo ń hanrun. Mi ò kà á sí. Àfi ìgbà tí wọ́n sọ pé híhanrun náà a máa dákẹ́ lójijì, tí èmi náà á sì dákẹ́, títí n ó fi fa èémí ńlá kan bí ẹni tó yọ lódò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré tí mo so mọ́ ìka àti àyà sùn ní òru kan. Èsì rẹ̀ ni pé èémí mi ń dúró tàbí ń dín kù gidigidi nígbà 34 ní wákàtí kan. Láti 5 sí 14 jẹ́ díẹ̀, 15 sí 29 jẹ́ ìwọ̀nba, 30 sókè le. Sleep apnea ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà ọ̀fun ń rọ̀, ó ń dí, atẹ́gùn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀, ọpọlọ á sì rán iṣan ìdágìrì kí ó jí mi díẹ̀ kí n lè mí. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n ń pariwo iná sí létí nígbà 34 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Báwo ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ṣe ní tú ṣúgà sílẹ̀?

Àmì mìíràn wà tí mo ti rí tí mi ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ìfúnpá tó yẹ kó rọlẹ̀ lóru kò rọlẹ̀, mo ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, mo sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Mo ti ka títọ̀ yẹn sí ti ṣúgà nìkan.

Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú imú kí ọ̀nà ọ̀fun má baà dí. Oṣù méjì àkọ́kọ́, mo lò ó lásán ni. Àṣìṣe kìíní: mo fi ìbòjú rẹ̀ wọ̀n ara mi ní ìjókòó. Ojú ènìyàn máa ń yí padà bó bá dùbúlẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ tó fún okùn rẹ̀, ẹ má sì fún un jù, torí fífún un jù tún máa ń mú kó jò. Àṣìṣe kejì: mi ò fọ ìbòjú náà lójoojúmọ́, òróró ara ojú ló ń jẹ́ kí ó máa yọ̀. Ọṣẹ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Àṣìṣe kẹta ló burú jù. Mo máa ń bọ́ ọ ní nǹkan bí aago 3 òru, mo ní wákàtí mẹ́rin ti tó. Ìgbà tí oorun ènìyàn ń kún fún àlá jù ni ìdájí, ìgbà náà sì ni ọ̀fun ń rọ̀ jù. Mo ń bọ́ ẹ̀rọ náà ní wákàtí tí mo nílò rẹ̀ jù, wákàtí kan náà tí ẹ̀dọ̀ ń gbọ́ àṣẹ ìjí. Nígbà tí mo ń lò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ojú ẹ̀rọ náà ń sọ pé ìdúró èémí ti dín sí ìsàlẹ̀ 5 ní wákàtí kan, ìlù ọkàn mi tó ń jí ní 88 di 76 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣúgà àárọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 130 sí 138.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí bó ṣe rí: nínú àwọn ìwádìí, CPAP ń dín ìfúnpá kù díẹ̀, bí 2 tàbí 3 mmHg ní àròpín, ipa rẹ̀ lórí ṣúgà kò sì dúró sójú kan. Fún mi, ó la ọ̀nà ni. Ẹni tó ń sùn dáadáa ló lè rìn, ẹni tó ń rìn ló lè dín ọ̀rá ikùn kù, dídín 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara kù sì ni ohun tó ń pa iṣan ìdágìrì lẹ́nu mọ́ jù. Àìsùn lásán, láìsí híhanrun, burú pẹ̀lú. Ní 1999, wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin 11 tí ara wọn le máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí 4 péré lóru fún òru 6. Agbára ara wọn láti kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ dín kù, àmì iṣan ìdágìrì sì pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló kàn. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara mi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fi fún mi ní metoprolol, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní beta-blocker. Wọ́n ń dí ẹnu ọ̀nà tí noradrenaline àti adrenaline ń gbà wọlé sínú ọkàn. Ó dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kọṣẹ́ rí tàbí tí kò lágbára mọ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èrè rẹ̀ ju àdánù lọ dáadáa, kí ó má sì tìtorí ohun tí mo kọ yìí fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń lo glimepiride, oògùn àtọ̀gbẹ kan, pọ̀ mọ́ ọn, èyí tó lè já ṣúgà wálẹ̀ jù. Bí ṣúgà bá já sí ìsàlẹ̀ 70, iṣan ìdágìrì ló ń kìlọ̀ fúnni: ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kì-kì-kì. Metoprolol pa àmì méjèèjì rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni àágùn, torí pé ọ̀nà mìíràn ni iṣan ń gbà pàṣẹ fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ara mi kàn rin gbingbin lójijì, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu mi láìlétò, àyà mi kò sì lù kì-kì-kì. Mo ní ooru ló ń mú mi. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, 49 ni. Ẹ fi sọ́kàn: bí ẹ bá ń lo beta-blocker pẹ̀lú ínsúlínì tàbí oògùn bíi glimepiride, tí ẹ bá ń làágùn láìnídìí, ẹ wọn ṣúgà lójú ẹsẹ̀. Bó bá wà ní ìsàlẹ̀ 70, ẹ lo 15 gíráàmù glukósì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ tún un ṣe bó bá ṣì wà nísàlẹ̀. Bí ẹni náà kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì.

Inú bí mi sí oògùn náà, mo sì jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìsọ fún dókítà. Ní ọjọ́ kẹta, ọkàn mi ń lù 118 lórí ìjókòó, ìfúnpá sì jẹ́ 190 lórí 104. Bí oògùn bá dí ẹnu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, ara á ṣí ẹnu ọ̀nà púpọ̀ sí i. Bí ẹ bá wá mú ìdènà kúrò lójijì, gbogbo wọn ni àṣẹ á ya wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 ni wọ́n fi ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ darí rẹ̀. Clonidine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, náà rí bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ tilẹ̀ máa ń le jù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó tán lọ́wọ́ yín láìròtẹ́lẹ̀.

Beta-blocker kò dọ́gba. Ìwádìí kan tó jáde ní 2004 fi metoprolol wé carvedilol lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru: HbA1c, àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ti rí láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, gòkè díẹ̀ lára àwọn tó lo metoprolol, kò gòkè lára àwọn tó lo carvedilol, tó ń dẹ òpó ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Carvedilol ni wọ́n yí tèmi sí. Pẹ̀lú oúnjẹ ni kí ẹ máa lò ó, kí ó lè wọ ara díẹ̀díẹ̀. Èmi lò ó lórí ikùn òfìfo lẹ́ẹ̀mejì, òòyì sì kọ́ mi bí mo ṣe dìde.

Mo tún béèrè fún iṣẹ́ abẹ kan, èyí tí wọ́n ń fi wáyà gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ lọ jó iṣan tó yí òpó kíndìnrín ká. Mo rò pé á wo àtọ̀gbẹ sàn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ní 2014, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ àfarawé, tí wọn ò jó iṣan kankan nínú rẹ̀, wé e kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Wọ́n tún irin iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2023, ṣùgbọ́n fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kì í ṣe fún ṣúgà. Oògùn kan wà fún ṣúgà tó ń gba orí ọpọlọ ṣiṣẹ́: bromocriptine tó ń yára tú, tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní 2009. Láàárín wákàtí méjì tí ènìyàn bá jí ni wọ́n ń lò ó, pẹ̀lú oúnjẹ. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní GLP-1, bíi semaglutide, ń dín ṣúgà àti ìwọ̀n ara kù, wọ́n sì ń fi ìlù díẹ̀ kún ti ọkàn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní SGLT2, tó ń jẹ́ kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde, ń dín ìfúnpá kù láìjẹ́ kí ọkàn sáré, ohun tí ènìyàn kì í sábà rí lára oògùn tó ń mú kí a tọ̀.

Ọ̀fìnkìn náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan. Oògùn imú dídí tó ní pseudoephedrine nínú, iṣẹ́ noradrenaline ló ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo lò ó, gbogbo ìlà inú ìwé mi gòkè. Ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí.

Eré ìdárayá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí àìmọ̀. Mo sáré kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wọn ṣúgà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti fi 30 lé sí i. Mo ní kò bá mi lára mu. Irọ́ ni: ìsáré kíkankíkan ń pe adrenaline, ẹ̀dọ̀ sì ń dáhùn kí ẹran ara tó gba ṣúgà náà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì. Rírìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ló bá mi lára mu jù. Ẹni tó ń lo beta-blocker kò lè fi ìlù ọkàn díwọ̀n agbára rẹ̀. Kí ó rìn débi tó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Lálẹ́, mo ń mí díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10: mo fà á sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4, mo tú u síta fún 6, ìyẹn jẹ́ èémí 6 ní ìṣẹ́jú kan. Ìfúnpá ń rọlẹ̀ díẹ̀. Kò gba ipò oògùn kankan.

Nísinsìnyí mo ní ìlà kan sí i nínú ìwé mi, èyí tí mo ń kọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àtọ̀gbẹ tó pẹ́ lè ba iṣan ìdágìrì fúnra rẹ̀ jẹ́, ìgbà náà ni ìfúnpá á máa ga lórí ìdùbúlẹ̀ tí á sì máa já lórí ìdúró. Mo máa ń dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, mo wọ̀n ọ́n, mo dìde, mo tún un wọ̀n ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkẹta. Bí nọ́ńbà òkè bá já tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọkàn ń lù ju 100 lọ nígbà ìsinmi láìsí ibà, ọ̀rọ̀ dókítà ni lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n tó fi oògùn ìfúnpá mìíràn kún un. Ní oṣù tó kọjá, tèmi já 12 lókè àti 4 nísàlẹ̀.